Ta Ló Ń Jẹ́ Níng?

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, 2023.

Ọlọ́rundáre ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ìlú Ṣáínà ti ń dẹwọ́? Ara wa níbí le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, àmọ́ eruku rẹ̀ ṣì wà lórí gbogbo àga inú ilé, bí mo ṣe ń nù ún ló ń padà wá.

Kó o má bàa máa rò ó pé ọwọ́ ta lèyí, Tósìn ló ń bá mi kọ ọ́. Ojú mi ti burú ju bó o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀, mo ń rí èèyàn bí òjìji, ṣùgbọ́n ìwé ti di ohun tí ẹlòmíràn ń bá mi wò. Ní ọ̀sán Ẹtì, tí ìyàwó rẹ bá ti jáde nílé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà l'Ọ̀kà, á wọ mọ́tò wá bá mi. Á ka lẹ́tà rẹ fún mi, á kọ èsì tí mo bá fi ẹnu sọ, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ohùn máa ń sá lọ. Èyí tó o bá kọ, mo lè ní kó tún un kà nígbà tí ọkàn mi bá fà sí ọ.

Níng tí ẹ jọ ń gbé, tó se ọbẹ̀ fún ọ nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, mo ti fi í sínú àdúrà mi. Mo ní, Olúwa, ọmọkùnrin kan ni mo bí, o tún fún mi ní èkejì lókè òkun. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀? Èèyàn kì í jẹ́ orúkọ lásán. Sọ fún mi bó ṣe ga tó àti bó ṣe sanra tó. Mo fẹ́ kí Suleiman aránṣọ rán bùbá àti ṣòkòtò fún un, pẹ̀lú fìlà. Tósìn ti yan àǹkárá aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ó ní á yẹ aláwọ̀ pupa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Ọdún kẹrin rèé tí a lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wọn l'Ọ̀kà. Ọdún kan lo dá. Bàbá Tósìn pàdé mi níbi ìsìnkú kan, ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà rẹ, kò sì béèrè ohun mìíràn. Ohun tí kò béèrè yẹn ló ń já mi láyà.

Ìyá rẹ, Wúràọlá.

Dáre mi, èmi náà kí ọ. N kò lè kọ ohun tó pọ̀, nítorí Màmá ní àfi kí n ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí wọn létí. Ohun tí n kò kọ, o mọ̀ ọ́n. Tósìn.


Guangzhou,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2023.

Màámi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ojú tó ń dùn yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó fọ́. Èmi wà dáadáa, iṣẹ́ ń lọ. Ẹrù àwọn ará Nàìjíríà là ń dì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ti le bí ọwọ́ àgbẹ̀ Àjọwá.

Ẹ béèrè ìtumọ̀ Níng. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, ìfọkànbalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, òrùlé ló wà lókè, ọkàn èèyàn wà lábẹ́ òrùlé, àwo oúnjẹ wà lábẹ́ ọkàn. Wọ́n ní ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní Níng. Bàbá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Orúkọ náà bá a mu, Màámi. Kì í pariwo. Ọ́fíìsì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń túmọ̀ èdè fún àwọn oníbàárà wa. Bí inú bá ń bí mi, á jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀bà, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá. Ẹ̀mí kan ni wá.

Orí rẹ̀ kan èjìká mi, kò sanra. Ẹ ní kí Suleiman má rán an tóbi.

Ẹ bá mi kí Tósìn. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà rẹ̀ ò tíì bọ́ sí i. Òfin wọn níbí ń yí lójoojúmọ́. Ẹ bá mi bẹ Bàbá.

Ọmọ yín, Dáre.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, 2023.

Ọlọ́rundáre ọmọ mi,

Ẹ kú òjò. Níbí, ọ̀nà tó gba ẹ̀bá òkè láti Àkùngbá ti ń yọ̀, Tósìn dé lónìí pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ọ. Mo ti sọ ọ́.

Aṣọ Níng ti kúrò lọ́wọ́ wa. Limota tó máa ń wá ra bàtà lọ́dọ̀ yín ló gbé e. Mo fi ọwọ́ mi ká fìlà náà, mo súre sí i kí n tó dì í.

Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn dùn mọ́ mi. Ibi tó o ti sọ pé ẹ̀mí kan ni yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí Tósìn kà á.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ ń kọ́ èdè Ṣáínà kí ojú má bàa tì ọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Hephzibah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kàwé lọ́hùn-ún rí tó ń kọ́ni l'Àkùngbá báyìí, ló ń kọ́ ọ. Wọ́n kan orúkọ Níng. Hephzibah ní ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ, àfi kéèyàn rí ẹni náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀? Tósìn tó ń kọ̀wé yìí, ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwọ gan-an, Ọlọ́rundáre, obìnrin kan wà l'Àjọwá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ, ọmọ mẹ́rin ló bí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́ ẹ̀rín ẹnìkejì nínú yàrá. Mo ní, "Tósìn, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, Màmá." Mo ní kó tún lẹ́tà rẹ kà. "Ó" báyìí, "ó" tọ̀hún, "orí rẹ̀", "bàbá àgbà rẹ̀". Èmi ni mo ń pè é ní ọmọkùnrin. Ìwọ ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Dáre, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Mi ò fẹ́ ìtàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń béèrè.

Ìyá rẹ.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2023.

Ọlọ́rundáre,

Ṣé àìsàn ni? Ìbéèrè kékeré ni mo bi ọ́. Tósìn ní ó hàn lórí fóònù pé o ti rí lẹ́tà wa láti ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́.  Ó ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń pọn omi kún ìkòkò, ó ń to oògùn mi. Bó bá ti ṣe tán, á wọ mọ́tò padà s'Ọ̀kà.

Dá mi lóhùn.


Guangzhou,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Màámi,

Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ pọ̀, fóònù mi bàjẹ́, mo ń sùn láìbọ́ bàtà.

Ọkùnrin ni Níng. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Tósìn kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ lédè yẹn, kó ṣọ́ra fún un, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fẹ́ kí nǹkan ẹlòmíràn dára. Aṣọ dé. Níng dúpẹ́, ó ní kí n kí yín. Ó bá a mu rẹ́gí.

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún yín. Ọlọ́run á bá yín dúró.

Ọmọ yín.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, 2023.

Ọlọ́rundáre Dáramọ́lá,

Ọwọ́ Yínúsà, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú nílé wa, lo ń wò yìí. Wọ́n ti ṣe ojú mi. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ tíì kàwé, n kò gbọdọ̀ tíì kọ̀wé. Tósìn wà nílé bàbá rẹ̀, kì í wá mọ́. Yínúsà ní bóyá kí n dẹwọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ.

Láàárọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú ọ̀tún mi, mo pa ojú náà dé. Mo ní mi ò ní là á títí a ó fi pè ọ́, kó lè jẹ́ pé ojú ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Tósìn fi fóònù mi pè ọ́ kí a lè rí ojú ara wa, ó gbé e sí iwájú mi, ó ní, "Màmá, ó ti gbé e." Mo la ojú.

Obìnrin ni mo rí.

Mo rò pé iṣẹ́ abẹ náà ò dáa. Mo fọwọ́ nu ojú, nọ́ọ̀sì ń pariwo pé kí n má fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń ka ìwé. Tósìn fi òyìnbó bi í pé, "Ta ni yín?" Ó ní Níng ni. Ó ní ìyàwó Dáre ni òun. Ó ní o wà ní balùwẹ̀, kí a dúró. Inú rẹ̀ ń dùn, Dáre. Ó rò pé òun la pè. Ó gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀ kí n lè rí ikùn rẹ̀, oyún náà ti tóbi. Lẹ́yìn náà ló mú aṣọ kan jáde, ẹ̀wù kékeré, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Tósìn ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá: "Ó ní kí ẹ má bínú, Màmá. Ó ní aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ tóbi jù fún òun, òun ti tú u, òun ti fi rán ẹ̀wù ọmọ."

Aṣọ tí Tósìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn.

Obìnrin náà bi Tósìn pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín?" Tósìn wò mí. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń bá Màmá kọ lẹ́tà." Ó pa fóònù. Ó sìn mí délé, ó ro àmàlà, ó dúró títí mo fi jẹun tán, ó fọ àwo. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá ẹni tí á máa bá yín kàwé." Ẹkún tí mo sun, dókítà ti bá mi wí nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe pé o fẹ́ obìnrin mìíràn ló pa mí jù. Àwọn ọkùnrin ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dáyé. O jẹ́ kí n máa fi ẹnu mi pe ìyàwó rẹ ní ọmọkùnrin mi níwájú ìyàwó rẹ. O kọ ìfẹ́ obìnrin kan sínú lẹ́tà, o jẹ́ kí obìnrin kejì fi ohùn ara rẹ̀ kà á.

Wúràọlá.


Guangzhou,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kìíní, 2024.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì ní dìde. Ẹ gbọ́ tèmi náà kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Lóòótọ́ ni mo parọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, nínú lẹ́tà oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ìyókù, òtítọ́ ni mo kọ. Mo ní "ó". Ṣé kì í ṣe "ó" là ń pe ọkùnrin, tí a ń pe obìnrin? Èdè tiwọn náà bákan náà ni, téèyàn bá ń fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè é ní ọmọkùnrin. Ẹ̀rù bà mí láti tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù di ọdún. Mo ń wá ọjọ́ tó máa rọrùn láti sọ ọ́. Kò wá.

Níng ti bímọ. Obìnrin ni. Ó jọ yín níwájú orí. Níng ní kò sí ẹlòmíràn tí á sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yin ni, nítorí nílé tiwọn náà àgbà ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún bẹ̀ yín. Níng ò mọ̀ nípa Tósìn. Ara rẹ̀ ò tíì le. Bó bá pè yín, ẹ má sọ fún un. Ẹ ṣe é fún ọmọ ọmọ yín.

Ọlọ́rundáre.


Ọ̀kà-Àkókó,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì, 2024.

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ewu ọmọ.

Bíbélì àti òrùka tí àwọn ẹbí yín gbé wá ti padà sí Ìkàrẹ́. Àwọn àgbà yín gbà á, wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Ẹ má pe fóònù mi mọ́, ẹ má sì fi Hephzibah ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ẹ ní kí n ṣọ́ra fún, òun nìkan ni kò parọ́ fún mi.

Mo máa ń ka lẹ́tà yín ní mọ́tò kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, kí n lè mọ ibi tí màá ti fa ohùn. "Ẹ̀mí kan ni wá." Mo fa ohùn níbẹ̀. Màmá ní kí n tún un kà, mo tún un kà, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

N kò bínú sí Níng. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Olúwatósìn Ìbíyínká.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2024.

Ọlọ́rundáre,

Ọwọ́ mi lèyí. Ojú mi méjèèjì ti là. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, fi sùúrù kà á.

Mo ti lọ s'Ọ̀kà. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kọ̀ láti bá mi lọ, ojú tì wọ́n. Yínúsà ló sìn mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Tósìn, ó ní kí n dìde, mi ò dìde. Ó ní, "Ìyá Dáre, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ wá." Mo ní èmi ni mo bí i. Tósìn jáde wá láti inú ilé, ó gbá mi lápá mú, ó gbé mi dìde. Ó ti rù. Kò sọ̀rọ̀ rẹ, èmi náà ò sọ ọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ti mọ́ gaara, Màmá." Ó sìn wá dé ibi mọ́tò.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Níng pè mí. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Ó kí mi, mo pe Yínúsà kó wá máa túmọ̀. Níng ní òun ti ń retí orúkọ ọmọ, pé o sọ fún òun pé mo ń ronú lé e lórí.  Mo rántí ẹ̀bẹ̀ rẹ. Mo rò ó gan-an, Dáre. Mo wá rí i pé bí mo bá dákẹ́, èmi náà ti di ìwọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ìyàwó kan wà tí a ti mọ̀ fún Dáre nílé kó tó mọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi dúró dè é. Òun lo rí lórí fóònù lọ́jọ́sí. Tósìn lorúkọ rẹ̀."

Yínúsà túmọ̀ rẹ̀ tán.   Níng fèsì, Yínúsà yíjú sí mi, kò fẹ́ sọ ọ́. Mo ní, "Kí ló wí?"

Ó ní, "Wọ́n ní Tósìn wo? Wọ́n ní Tósìn tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù Dáre lálaalẹ́? Wọ́n ní Dáre sọ fún àwọn pé àbúrò òun ọkùnrin ni."

Àbúrò rẹ ọkùnrin.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ó" tó o fi ń bá mi jà, mo ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló ba ọmọ mi, ó ṣe é ní àṣìṣe. Kò sí àṣìṣe kankan ńbẹ̀. Ohun kan náà lo ṣe lápá ọ̀tún, o ṣe é lápá òsì. Orúkọ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún ọmọ kó lè bá a mu bó bá jẹ́ ọkùnrin, bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ tí wọ́n fi ń júbà Ọlọ́run l'Ọ̀kà, o kó méjèèjì, o fi wọ́n ṣe ìbòjú.

Mo gbọ́ pé ò ń wá Níng. Kò sí ní ilé rẹ mọ́, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun ló sọ fún mi. Má bi mí ní orúkọ ìlú náà.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Àmọ́ ìyá rẹ̀ tún pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sunkún, kò rojọ́. Ó gbé fóònù sí ẹnu ọmọ náà, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ mí. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé orúkọ tí ọkùnrin lè jẹ́, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Oríkì ni màá fún un, oríkì ọmọbìnrin, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń pè. Mo pè é. Ó pè é tẹ̀ lé mi. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, mo tún un pè, ó gbà. A jọ ń pè é sí ọmọ náà létí, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, títí ọmọ náà fi sùn.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo ti kìlọ̀ fún Yínúsà, kò ní sọ fún ọ. Bó o bá rí wọn, lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kó o bi í. Bó bá sọ fún ọ, wàá mọ̀ pé ó ti ń dárí jì ọ́. Bí kò bá sọ, máa pè é ní "ọmọ yìí", bí àlejò ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ.

Wúràọlá.